Ọwọ́ Tó Kọ́ Ọ Ni Í Tún Un Ṣe

Oríṣìí ilé méjì ni ó wà nínú ìlú. Èkínní ni ilé tí ènìyàn fi òógùn ojú ara rẹ̀ kọ́. Èkejì ni ilé tí ó jẹ́ ti gbogbo wa: ọjà, ilé ẹ̀kọ́, gbọ̀ngàn ìlú, ilé ìtọ́jú aláìsàn. Bí òrùlé ti èkínní bá ń jò, baálé kò ní í sùn. Bí ti èkejì bá ń jò, oníkálukú a máa wo ojú ẹnì kejì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán lójú mi, nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Abẹ́ òrùlé gbogbo wa ni mo ti jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ọjà bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú kan tí mo ti ṣiṣẹ́, àwọn aláṣẹ kọ́ ọjà tuntun sí ẹ̀yìn ìlú. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi mọ ọ́n, páànù ni wọ́n fi bò ó, àwọn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì tò lọ gbọọrọ bí ilé àwọn ṣọ́jà. Ìlù àti ijó ni wọ́n fi ṣí i. Kò pé ọdún kan tí àwọn ewúrẹ́ fi gba ibẹ̀. Mo bi ìyá àgbàlagbà kan tí ń ta ata lábẹ́ igi odán ní ọjà àtijọ́ pé, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò lọ sí ọjà tuntun?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ọjà náà dára o, ṣùgbọ́n ta ni ó bi wá?" Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ògiri ṣọ́ọ̀bù kò jẹ́ kí ẹni tí ń kọjá rí ata òun. Ohun tí ojú kò bá sì rí, ẹnu kì í ná an. Ní ọjà àtijọ́, ìsọ̀ aláta wà lọ́tọ̀, ti aláṣọ wà lọ́tọ̀, olórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń bójú tó àwọn ènìyàn tirẹ̀. Ní ọjà tuntun, wọ́n da gbogbo wọn pọ̀. Kò sí igi kan ṣoṣo tí ènìyàn lè fẹ̀yìn tì. Ẹni tí ó ya àwòrán ọjà náà mọ símẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n kò mọ ata.

Ohun tí ó dùn mí ju ti ọjà lọ ni èyí tí ojú mi rí ní ilé ẹ̀kọ́ kan. Ilé méjì ni ó wà nínú ọgbà náà. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ti àkọ́kọ́, nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ ìlú ni ó fi ọwọ́ ara wọn kọ́ kíláàsì fún àwọn ọmọ wọn. Ní ìlú tí mo ń wí yìí, agbo ilé kọ̀ọ̀kan ni ó ní apá ògiri tí ó mọ, nígbà tí mo dé ibẹ̀, àwọn àgbà ṣì ń nàka sí i pé, "Tiwa nìyí." Agbaṣẹ́ṣe kan láti ibòmíràn ni ó fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé kejì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìjì ṣí páànù orí ilé méjèèjì. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ọkùnrin ìlú gun orí ilé amọ̀ pẹ̀lú òòlù àti ìṣó. Nígbà tí mo bi wọ́n nípa ilé kejì, wọ́n ní, "Tíṣà, ti ìjọba nìyẹn." Odidi ìgbà òjò kan ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà lábẹ́ igi máńgòrò, ọdún ìdánwò wọn sì ni. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn. Àwọn òbí kan náà ni, ọmọ wọn ni ó sì wà nínú ilé méjèèjì. Kí ni ó wá fa ìyàtọ̀?

Àwọn baba wa ti mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́. Ẹ wo ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́. Bẹẹrẹ ni koríko tí a fi ń bo ilé. Nígbà ọdún náà, àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Aláàfin a máa ru ú wá láti fi tún òrùlé ààfin ṣe. Koríko kì í pẹ́ jẹrà, ṣùgbọ́n nínú àìpẹ́ rẹ̀ ni ọgbọ́n wà: títún ilé ṣe ti di ọdún, ó ti di ohun tí a ń lu ìlù sí. N kò sọ pé kí a padà sí koríko, nítorí pé iná kò mọ ààfin. N kò sì sọ pé ìfẹ́ nìkan ni ó ń gbé wọn wá. Ìsìn ni, ìlú tí ó bá sì kọ̀ mọ ohun tí yóò dé bá a. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé kí wọ́n tó bo ilé náà ni wọ́n ti mọ ẹni tí yóò tún un bò.

Ṣé ohun tí a fi kọ́ ilé ni ó ń sọ ọ́ di tiwa? Àwọn kan gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1945, Hassan Fathy, ayàwòrán ilé ọmọ ilẹ̀ Íjíbítì, gba iṣẹ́ láti kọ́ abúlé tuntun fún àwọn ará Gourna nítòsí Luxor. Orí ibojì àwọn ọlọ́lá ayé àtijọ́ ni àwọn ènìyàn náà ń gbé, ìjọba sì fẹ́ kó wọn kúrò nítorí àwọn tí ń hú ohun àtijọ́ tà. Fathy pa símẹ́ǹtì tì. Ó pe àwọn mọlémọlé Núbíà wá. Wọ́n fi bíríkì amọ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí, ọjà, ilé ẹ̀kọ́ àti gbọ̀ngàn eré, wọ́n sì fi bíríkì amọ̀ kan náà ṣe òrùlé rìbìtì láìlo igi. Ilé náà rẹwà. Ìwé tí Fathy kọ nípa rẹ̀ jáde ní ọdún 1969, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ará Gourna kò kó lọ síbẹ̀, iṣẹ́ náà sì dúró láìparí. Amọ̀ ilẹ̀ wọn ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ni ó pinnu láti kó kúrò.

Ti Gando ní Burkina Faso yàtọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Francis Kéré sí ní ọdún 1965, nígbà tí kò sí ilé ẹ̀kọ́ ní abúlé náà. Nígbà tí ó ń kọ́ṣẹ́ ìyàwòrán ilé ní Berlin, ó kó owó jọ, ó padà wálé láti kọ́ ọ̀kan. Nígbà tí àwọn ará abúlé gbọ́ pé amọ̀ ni yóò lò, ara wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, nítorí pé wọ́n ti rí bí òjò ti ń wó ilé amọ̀. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n po símẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ amọ̀. Wọ́n gbé páànù ga kúrò lórí àjà bíríkì kí ooru lè rí ọ̀nà jáde. Àwọn ọmọdé ru òkúta, àwọn obìnrin pọn omi, àwọn ọ̀dọ́ sì kọ́ bí a ti ń jó irin pọ̀. Ilé náà parí ní ọdún 2001. Ó gba ẹ̀bùn Aga Khan ní ọdún 2004, Kéré fúnra rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn Pritzker ní ọdún 2022, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Èyí tí ó wù mí ju ẹ̀bùn lọ ni pé àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ lórí ilé náà ni wọ́n tún kọ́ ilé àwọn olùkọ́ àti àfikún kíláàsì lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òógùn ọ̀fẹ́ ni mo ń yìn. Ìjọba tí ó gba owó orí kò gbọdọ̀ fi ọ̀wẹ̀ bojú. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó pọn omi ni ó jókòó sí ìpàdé tí wọ́n ti pinnu ibi tí ilé yóò dúró sí. Láti ayé àwọn ìyá wa ni ìbéèrè ìyá aláta nì ti ń dúró de ìdáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò lónìí ni ẹ ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ lọ́la. Kí ẹ tó buwọ́ lùwé fún ilé gbogbo wa, ẹ béèrè ohun mẹ́ta. Ta ni yóò lò ó, ṣé ó sì ti sọ tẹnu rẹ̀? Ta ni yóò kọ́ ọ, ṣé ọmọ ìlú kan yóò sì kọ́ṣẹ́ níbẹ̀? Bí ìjì bá ṣí i, ta ni yóò gun orí rẹ̀? Bí ìbéèrè kẹta kò bá ní ìdáhùn, ẹ má tíì fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.