Eegun Jinná, Ó Ku Ẹ̀rù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, bí ẹni pé ojo ni ẹni tí ń sá náà ni a sì ṣe máa ń pa á. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tí ejò bù jẹ mọ ohun kan tí àwa yòókù kò mọ̀, ara rẹ̀ ni ó sì fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe fún eléré ìje ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ, pàápàá àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere díje lórí òkè. N óò fi tèmi náà kún un, nítorí kẹ̀kẹ́ ni ó kọ́ mi ní ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀.

Ó lè jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ eré yìí. Kì í ṣe orí títì ọlọ́dà ni wọ́n ti ń sá a. Inú igbó ni, lójú ọ̀nà tóóró tí ó kún fún gbòǹgbò igi, àpáta àti ẹrẹ̀. Wọn a gun òkè títí èémí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọn a sì já wálẹ̀ ní ibi tí ewúrẹ́ pàápàá yóò ti rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Ọdún 1996, ní Atlanta ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ́kọ́ fi í kún eré Òlíḿpíìkì.

Obìnrin kan wà, ọmọ ilẹ̀ Swítsàláńdì, Jolanda Neff ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2017 ó gba ipò kìn-ín-ní ní gbogbo àgbáyé nínú eré yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, níbi tí ó ti ń ṣe ìdánrawò ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, ó ṣubú. Eegun ìhà rẹ̀ ṣẹ́, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kan sọ̀ bí bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ ń jò lára rẹ̀, ẹ̀yà ara kan tí ó wà lábẹ́ ìhà òsì, èyí tí ó máa ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, sì ya. Bí ẹ̀yà ara yìí bá ya, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lè dà tán sínú ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀kán kan hàn lóde. Ilé ìwòsàn ni ó ti bọ́ lọ́wọ́ ikú.

Oṣù Keje ọdún 2020 ni ó yẹ kí eré Òlíḿpíìkì wáyé ní ilẹ̀ Jàpáànù, ṣùgbọ́n àrùn kòrónà tì í sí ọdún 2021. Ó kù bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí eré bẹ̀rẹ̀ ni Neff tún ṣubú nínú ìdíje kan ní Leogang, ní ilẹ̀ Austria, ọwọ́ rẹ̀ sì dá. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 27 oṣù Keje, ní Izu, níbi tí òjò ti sọ ojú ọ̀nà di ẹrẹ̀, òun ni ó gba wúrà. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá ni ó fi ṣíwájú Sina Frei, ọmọ ìlú rẹ̀, tí ó ṣe ipò kejì.

Ní ojú ọ̀nà yẹn kan náà, ní ọjọ́ kan ṣáájú, Tom Pidcock, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gba wúrà ti àwọn ọkùnrin. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ni ọkọ̀ kọ lù ú níbi tí ó ti ń ṣe ìdánrawò, tí eegun tí ó so èjìká mọ́ àyà rẹ̀ sì fọ́, tí wọ́n ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un.

Eegun kan náà ni ó dá lára mi. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, níbi ìdíje kẹ̀kẹ́ tí wọ́n máa ń ṣe nígbà ọdún ìlú wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ọkọ̀ kan tí kò yẹ kí ó wà lójú ọ̀nà já lù wá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ó sì tì mí sínú gọ́tà. Bàbá àgbàlagbà kan tí ń to eegun ni ó tọ́jú mi. Bí mo ti gbé apá kọ́ ọrùn ní ilé, fóònù ọ̀rẹ́ mi ni mo fi ń wo àwọn eré tí mo sọ yìí, tí mo sì ń wò wọ́n ní àwòtúnwò.

Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹta, Bàbá ní eegun ti jinná. Òótọ́ ni. Mo ń pọn omi, mo ń gúnyán. Ṣùgbọ́n nígbà tí a lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ni, ilé ìwé tí wọ́n gbé mi lọ wà ní ẹsẹ̀ òkè, kẹ̀kẹ́ ni mo sì ń gùn lọ. Bí mo bá ti dé orí òkè náà, ọwọ́ mi yóò fún bíréèkì pọ̀ fúnra rẹ̀. N óò sọ̀ kalẹ̀, n óò máa ti kẹ̀kẹ́ lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì mi rí mi. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́sàn-án lọ, kúnlẹ̀ kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá ní, “Àǹtí, ṣé kẹ̀kẹ́ ni ó ń gùn yín ni?” Mo rẹ́rìn-ín, nítorí ìbéèrè náà dára.

Ohun tí ó jẹ́ kí ẹ̀rù burú fún ẹlẹ́ṣin irin ni pé ó máa ń ṣe ohun tí a ń bẹ̀rù gan-an. Bíréèkì iwájú ni ó lágbára jù. Bí ẹ̀rù bá mú ènìyàn fún un pọ̀ lójijì ní ìsàlẹ̀ òkè, ìdí kẹ̀kẹ́ yóò dìde, yóò sì da onítọ̀hún sọ sí iwájú. Bí ó bá ń rọra lọ jù lórí òkúta, táyà yóò há sí ibi tí ẹni tí ó ń sáré díẹ̀ yóò ti kọjá wẹ́rẹ́. Ojú tún ńkọ́? Ibi tí a bá ń wò ni kẹ̀kẹ́ ń lọ. Ẹni tí ń bẹ̀rù òkúta, òkúta náà ni yóò tẹjú mọ́, òkúta náà ni yóò sì kọ lù. Nítorí náà, nígbà tí mo rí Neff ní Izu tí ó ń já wálẹ̀ láàárín àpáta tí omi ti mú yọ̀, kì í ṣe wúrà ni mo ń wò. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò lórí bíréèkì, àti ojú rẹ̀, tí ó ti kúrò lára òkúta tí ó wà nílẹ̀ tí ó sì ti wà ní ibi tí ọ̀nà ń lọ.

Àwọn kan a máa sọ pé irú àwọn wọ̀nyí kò mọ ẹ̀rù. N kò gbà. Ẹni tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nínú igbó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó kàn ti kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ohun mìíràn ni. Ó sì yẹ kí a sọ ọ́ pé wọ́n ní dókítà, wọ́n ní ẹni tí ń tọ́ wọn sọ́nà lójoojúmọ́, iṣẹ́ wọn sì ni. Ẹni tí kò ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí tí ó sì gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ojo lójú mi. Ìyá mi ní eegun kò sí lọ́jà tí a lè lọ rà, n kò sì rí èsì fọ̀ fún wọn.

Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Mo pín òkè ilé ìwé náà sí mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń gun kẹ̀kẹ́ já ìdá ìsàlẹ̀ nìkan, tí mo sì ń fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Mo ń ka iye ìgbà tí ọwọ́ mi fún bíréèkì iwájú, mo sì ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi. Nígbà tí olùbẹ̀wò wa ṣí ìwé náà, ó béèrè bóyá máàkì àwọn ọmọ ni. Nígbà tí ó fi di ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo já a láti orí dé ìsàlẹ̀, àyà mi ń lù kì-kì-kì.

Mo ti fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdíje ti oṣù Kejìlá yìí. N kò retí ipò kankan. Ọ̀gẹ̀rẹ́ tí mo ti ṣubú ni mo fẹ́ gùn kọjá, kí n sì dé òpin. Ìyá mi kò tíì sọ bóyá àwọn yóò wá wò ó. Ní àná, bí a ti ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n dédé bi mí ní apá ibi tí ìbòòji máa ń wà ní ìsàlẹ̀ òkè náà ní ọ̀sán.