Igba Ebè, Éékà àti Hẹ́kítà

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Òkè-Ògùn, kò sẹ́ni tó ń béèrè bí oko ẹnì kan ṣe fẹ̀ tó. Ohun tí àwọn bàbá wa máa ń bi ara wọn ni pé, "Igba ebè mélòó lo kọ lọ́dún yìí?" Bí ẹnì kan bá dáhùn pé igba mẹ́wàá, gbogbo àgbẹ̀ tó wà níjòkòó ti mọ èyí tó kù. Wọ́n ti mọ iye èbù tó gbọ́dọ̀ wá, wọ́n ti mọ bí ọ̀pá iṣu tí yóò gé ṣe máa pọ̀ tó, wọ́n sì ti mọ̀ bóyá apá òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ á ká a. Ẹnu tí oko náà máa bọ́ pàápàá, wọ́n á ti fojú dá a.

Orí igba ebè yìí náà ni àáró dúró lé. Bí ọ̀rẹ́ bàbá mi bá kọ igba ebè lóko wa, igba ni bàbá mi máa kọ lóko tirẹ̀ nígbà tó bá kàn án. Ìdí nìyẹn tí ebè kíká fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà láàárín wọn. Nírọ̀lẹ́, bàbá mi a máa rìn nínú poro, ọkọ́ á wà léjìká rẹ̀, èmi á máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú igbá àti òkúta wẹ́wẹ́. Bó bá ti ka ogún, á ní, "Ó di ọ̀kan," màá sì ju òkúta kan sínú igbá. Bí òkúta bá pé mẹ́wàá, igba kan pé nìyẹn. A ó gún ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ níbẹ̀, a ó da òkúta jáde, a ó sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Òwe kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí: ẹni tó kọ ọgọ́rùn-ún ebè, tó ní igba lòun kọ, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́.

Igba ebè kì í gba ilẹ̀ iye kan náà níbi gbogbo o. Níbi tí ilẹ̀ bá ti jinlẹ̀, ebè á tóbi, á sì jìnnà síra. Níbi tí òkúta bá ti wà nísàlẹ̀, ebè á kéré, á sì súnmọ́ra. Kò sẹ́ni tó ka èyí sí àléébù nígbà náà, nítorí ilẹ̀ pọ̀. Ọwọ́ tó máa ro ó ló ṣọ̀wọ́n. Pèrègún, odò tàbí ìrókò kan tí gbogbo ìdílé mọ̀ ló ń sọ ibi tí ààlà wà.

Ní nǹkan bí ọdún 1960, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ń dá ibùdó oko sílẹ̀ fáwọn ọ̀dọ́, irú èyí tó wà ní Ìlọrà, àwọn ará ágíríìkì bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ wá sọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan nínú wọn dọ̀bálẹ̀ kí bàbá mi, ó ní, "Bàbá, éékà mélòó lẹ fẹ́ dá lọ́dún yìí?"

Bàbá mi ní, "Igba mẹ́wàá ni mo fẹ́ kọ, ọmọ mi."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tú okùn kan kúrò lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 66 ni okùn náà, ìyẹn yáàdì 22, tí àwọn awọnlẹ̀ ń pè ní ṣéènì kan. Ó ṣàlàyé pé ilẹ̀ tó bá gùn ní ṣéènì mẹ́wàá, tó sì fẹ̀ ní ṣéènì kan, éékà kan ni. Lẹ́yìn náà, ó wọn ilẹ̀ láti orí ebè kan dé orí èkejì, ó rí i pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé níṣojú wa: ebè kan ń gba ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 16, éékà kan jẹ́ 43,560, nítorí náà, ebè 2,722 ló máa wọ inú éékà kan. Ó yíjú sí bàbá mi, ó ní igba mẹ́wàá tí wọ́n fẹ́ kọ kò tíì pé éékà kan, pé kò ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ.

Bàbá mi ronú díẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá wá sún ebè mọ́ra di ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ńkọ́?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní yóò di 4,840, ìyẹn igba mẹ́rìnlélógún ó lé ogójì. Bàbá mi mi orí, ó ní, "Ilẹ̀ kan náà ni, iṣẹ́ kan náà kọ́."

Títí dòní, mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ lórí ọ̀rọ̀ oko dídá. Éékà á sọ bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ebè á sọ ohun tí ilẹ̀ náà máa gbà lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan tí kò mọ èkejì kò tíì ṣètò oko.

Lẹ́yìn náà ni hẹ́kítà dé. Ní ọdún 1976, nígbà ètò ìjọba tí wọ́n ń pè ní Operation Feed the Nation, ajílẹ̀ àti oògùn apakoríko tí ìwé ara wọn ń sọ hẹ́kítà wọ̀lú. Ní ọdún 1978, Òfin Ilẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ fún ẹnì kan ní ilẹ̀ oko tó ju 500 hẹ́kítà lọ láìjẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé orúkọ tuntun tí wọ́n sọ éékà ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, hẹ́kítà kan jẹ́ 100 mítà ní gígùn àti 100 mítà ní ìbú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó éékà méjì àtààbọ̀. Ẹni tí ìwé ní kó fi oògùn lítà mẹ́rin sí hẹ́kítà kan, tó wá dà á tán sórí éékà kan, ti lò ó ní nǹkan bí ìlọ́po méjì àtààbọ̀. Owó ṣòfò, ilẹ̀ sì jìyà.

Ní tèmi, mítà tètè wọ̀ mí lára. Bí ebè bá jìnnà síra ní mítà kan, ẹgbàárùn-ún ló máa wọ inú hẹ́kítà kan: igba lọ́nà àádọ́ta, kò lé, kò dín.

Ilẹ̀ wa kì í sábà ní igun tó gún régé, ṣùgbọ́n okùn mítà 12 ti tó iṣẹ́. Ẹ ta kókó sí mítà 3 àti mítà 7, kí ẹ so orí mọ́ ìdí. Bí ẹni mẹ́ta bá fà á le, igun tó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ 3 àti ẹ̀gbẹ́ 4 máa gún dáadáa. Ibi tó bá yọ jáde, ẹ pín in sí onígun mẹ́ta. Ẹ fi gígùn ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ gíga rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ pín in sí méjì, kí ẹ wá ṣe àròpọ̀ gbogbo wọn. Ẹ yọ àpáta àti ojú odò kúrò, torí pé ẹnikẹ́ni kì í kọ ebè sórí wọn. Bí ẹ bá sì ń ra ilẹ̀ ní púlọ́ọ̀tì, ẹ béèrè ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀. Èyí tó jẹ́ 60 sí 120, mẹ́fà rẹ̀ ló wà nínú éékà kan. Èyí tó jẹ́ 50 sí 100, ó lé ní mẹ́jọ.

Fóònù ti ń wọn ilẹ̀ báyìí fún ẹni tó bá gbé e rìn yí oko ká, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi, fóònù kò mọ irú ebè tí ilẹ̀ náà fẹ́. Bí ẹ bá kọ hẹ́kítà sínú ìwé tí ẹ fẹ́ fi yáwó, ẹ kọ iye ebè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì lọ ka èbù tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.