Ìkànnì Kan, Orúkọ Mẹ́ta, ní Johannesburg

Johannesburg kò ní orúkọ ẹyọ kan. Ẹlòmíràn a pè é ní Joburg, ẹlòmíràn a ní Jozi, àwọn tó ń sọ èdè Zulu a sì pè é ní eGoli. Bọ́rọ̀ ṣe rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn. Ìkànnì ìjọba ìlú Cape Town parí sí .gov.za, ti Durban náà parí síbẹ̀, àmọ́ joburg.org.za ni àwọn ará Johannesburg ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tó di 2014, ìparí mìíràn tún dé, èyí tó jẹ́ ti ìlú náà gan-an: .joburg.

Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ kò jìnnà. Midrand, lápá àríwá ìlú náà, ni àjọ ZA Central Registry wà. UniForum ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, inú ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo ètò kọ̀ǹpútà Unix ló sì ti jáde. Ní 1995 ló bẹ̀rẹ̀ sí í bójú tó .co.za, tí orúkọ abẹ́ rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan. Òun náà ló ni ìtọ́jú .africa, èyí tó di ìjà. Lọ́dún 2012 ni àjọ náà béèrè fún un lọ́wọ́ ICANN, àjọ tó ń bójú tó orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, nígbà tí owó ìbéèrè fún ìparí kan ṣoṣo jẹ́ 185,000 dọ́là. Iléeṣẹ́ DotConnectAfrica náà ní òun fẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ dé kóòtù ní Amẹ́ríkà, ó di 2017 kí .africa tó ṣí fún aráyé.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè àti léèsì ní Rockey Street, ní Yeoville, ṣe àpẹẹrẹ. Ó ra .co.za nítorí pé òun ni ojú àwọn ará South Africa mọ̀. Ó ra .joburg fún àwọn tó wà nítòsí, ó sì ra .africa fún oníbàárà tó wà ní Gaborone àti Èkó. Orúkọ mẹ́ta, ìsọ̀ kan. Ohun tó so wọ́n pọ̀ kéré gan-an, òun ló sì dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀: ìlà kan fún orúkọ kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ kọ̀ǹpútà tí orúkọ náà ń gbé. Orúkọ ló ṣáájú, lẹ́tà A tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà nọ́ńbà mẹ́rin tí àmì ìdánudúró pín níyà. Ẹ ka ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nọ́ńbà kan náà ló wà níbẹ̀. Bí ọmọ tí bàbá ń pè ní Adéwálé, tí ìyá àgbà ń pè ní Àjàní, ìkànnì náà ń dá gbogbo wọn lóhùn. Kọ̀ǹpútà tó gbà á sílé lè wà ní Isando, nítòsí pápákọ̀ òfurufú O. R. Tambo, nínú ilé ńlá Teraco. Bí ogún ìkànnì bá tilẹ̀ ń bá a gbé orí kọ̀ǹpútà yẹn, kò ní ṣini mú, torí gbogbo ìbéèrè tí búráúsà bá gbé wá ló ń sọ orúkọ tí oníbàárà tẹ̀.

Ìdààmú ń bẹ níbẹ̀ ṣá o. Oníbàárà kan gba orí .co.za wọlé, ó ju gèlè mẹ́ta sínú apẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó gba orí .joburg, apẹ̀rẹ̀ ṣófo! Cookie, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tí wọ́n fún un lábẹ́ orúkọ kan, búráúsà kì í fi han orúkọ mìíràn. Google náà rí ojú ewé kan náà níbi mẹ́ta, kò mọ èwo ni ojúlówó. Ti ìwé ẹ̀rí ààbò ti dẹrùn: owó gidi ni wọ́n fi ń rà á nígbà tí Mark Shuttleworth dá Thawte sílẹ̀ ní South Africa lọ́dún 1995, tó sì tà á fún VeriSign ní 1999. Let's Encrypt ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí, ìwé kan sì lè gba ọgọ́rùn-ún orúkọ.

Láísẹ́ǹsì ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìsọ̀ náà ni kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti South Africa, ti 1978, tí wọ́n tún ṣe ní 1992, dárúkọ ètò kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó ní olówó rẹ̀. Ẹni tó ra ètò, àyè láti lò ó ló rà. Ìwé àdéhùn ló máa sọ bí àyè náà ṣe fẹ̀ tó. Òmíràn ń ka iye ibi tí o gbé ètò náà sí, òmíràn ń ka iye orúkọ. cPanel, ètò tí wọ́n fi ń darí kọ̀ǹpútà ìkànnì, bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye àkáǹtì ní 2019. Bí orúkọ mẹ́ta bá ń ṣí ìsọ̀ kan náà, ọ̀pọ̀ àdéhùn ń kà á sí ẹyọ kan. Àmọ́ ká ní ìyá yìí sọ .africa di ibi tó ti ń tajà ní òsùnwọ̀n, tó ní àwọ̀ tirẹ̀, iye owó tirẹ̀ àti oníbàárà tirẹ̀. Fáìlì kan kò kúrò lójú kan, síbẹ̀ àdéhùn mìíràn á ní ó ti di méjì, kó san owó kejì.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà gbọọrọ, ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣe é, á sì sọ orúkọ tí òun ń gbé lábẹ́ rẹ̀. Bí orúkọ náà kò bá sí nínú ìwé wọn, àtúnṣe lè dúró, ihò tí olè lè gbà wọlé á sì ṣí sílẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Ó ń dùn mí pé àwọn ọmọ tó ń bá wa kọ́ ìkànnì a máa fi kọ́kọ́rọ́ kan ṣí ìsọ̀ márùn-ún, tí onísọ̀ kò sì ní gbọ́ nípa rẹ̀ títí wàhálà á fi dé.

WordPress, ètò ìkọ́ ìkànnì tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003 lábẹ́ láísẹ́ǹsì ọ̀fẹ́ GPL, kì í ka orúkọ rárá. Láti 2010 ni ẹ̀dà rẹ̀ kan ti lè gbé ọ̀pọ̀ ìkànnì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àfikún tí wọ́n ń tà fún un ń ka iye ìkànnì kí wọ́n tó fúnni ní àtúnṣe. Ohun tó dára jù fún ìyá yìí ni kó fi .co.za ṣe olórí, kó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn, kó sì fi 301, àmì tó ń sọ fún búráúsà pé ojú ewé ti kó lọ, darí .joburg àti .africa síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà á ti dá oníbàárà padà sí .co.za kí ètò náà tó jí rárá, nítorí náà orúkọ kan ṣoṣo ni láísẹ́ǹsì máa rí, apẹ̀rẹ̀ gèlè náà á sì máa wà lójú kan.