Àjọjẹ Kò Dùn bí Ẹnì Kan Kò Bá Ní

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹnì kan bá bá yín nídìí oúnjẹ, kí ni ẹ máa ń sọ fún un? Ọmọ tí ó gba ẹ̀kọ́ ilé yóò wí pé, "Ẹ wá jẹun o." Ẹni náà yóò sì dáhùn pé, "Ó á gba ibi ire." Gbogbo wa ni a mọ ìkíni yìí. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹni tí ebi ń pa gan-an lè dáhùn bẹ́ẹ̀ nítorí ìtìjú? Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Ṣómólú, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí mo ń gbé.

Ṣómólú àti Bàrígà múlé ti ara wọn. Èrò pọ̀ níbẹ̀ púpọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀nà tóóró sì gba àárín wọn kọjá. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni tiwa. Ìdílé mẹ́wàá ni ó ń gbé inú rẹ̀, ilé ìdáná kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì ń lò. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, òórùn oúnjẹ nìkan ti tó láti sọ ìlú tí oníkálukú ti wá.

Ìyá Ìjẹ̀bú yóò máa rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́. Bí ó bá rin ín tán, yóò máa fi ọwọ́ bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú omi ọbẹ̀ tí ó ń hó, tí ata, epo àti ẹja wà nínú rẹ̀. Kì í yára rò ó pọ̀, kí ó lè jinná ní kókó-kókó. Ìyá Ọ̀yọ́ yóò ro àmàlà, yóò sì bu gbẹ̀gìrì àti ewédú sí i. Ìyá Ìlàjẹ ní tirẹ̀ yóò ro púpurù. Pákí tí a rẹ sínú omi, tí a mọ róbótó, tí a sì fi èéfín gbẹ ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn Ìlàjẹ pọ̀ ní etí ọ̀sà ní Bàrígà, iṣẹ́ ẹja pípa sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe. Ọmọ tí ó bá dàgbà nínú ilé wa yóò ti tọ́ gbogbo oúnjẹ wọ̀nyí wò kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá.

A kì í jẹun nínú ilé nìkan. Ní òwúrọ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn ẹlẹ́wà àgànyìn ní òpópónà. Àgànyìn ni àwọn ará Èkó ń pe àwọn ènìyàn tí wọ́n wá láti Tógò àti Benin. Àwọn obìnrin wọn ni ó mú irú ẹ̀wà yìí gbajúmọ̀. Wọn á se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀ dáadáa. Wọn á sì din ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà nínú epo pupa títí ọbẹ̀ náà yóò fi dúdú. Búrẹ́dì ni a sábà máa ń fi jẹ ẹ́. Ará Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tí ó kọ́kọ́ wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà, wà lára àwọn tí ó sọ búrẹ́dì di oúnjẹ gbogbo ènìyàn ní Èkó láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wò ó, ọwọ́ mélòó ni ó pàdé nínú àwo kan!

Bí ó bá di ọ̀sán, ilé olóúnjẹ a kún fún àwọn òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé. Òkìkí Ṣómólú kàn nípa iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Ìwé, kàlẹ́ńdà àti káàdì ìpè ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ á fọ tàdáwà kúrò lọ́wọ́, wọn á sì jókòó pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì kan láti jẹun.

Ní alẹ́ ọjọ́ 30, oṣù kẹta, ọdún 2020, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó nítorí àrùn kòrónà. Àwọn ilé ìtẹ̀wé ti ìlẹ̀kùn. Kò sí ẹni tí ó tún ń jókòó jẹun ní ilé olóúnjẹ. Ìyà jẹ ẹni tí ó jẹ́ pé owó iṣẹ́ òòjọ́ ni ó fi ń jẹun.

Ọmọkùnrin kan wà nínú ilé wa tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, a kò rí kí wọ́n dáná mọ́. Bí a bá pe ọmọ náà pé kí ó wá jẹun, a ní, "Mo ti yó, ẹ ṣeun, mà." Ó dáhùn bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ mẹ́ta. Ìyá Ìjẹ̀bú ń wò ó. Kò bi í ní ìbéèrè kankan níwájú àwọn ènìyàn. Ó kàn wí pé, "Ọmọ mi, ewùrà tí mo rin ti pọ̀ jù. Wá bá mi gbé ìkòkò yìí, kí o sì gbé abọ́ yín wá, kí oúnjẹ má baà ṣòfò." Ọmọ náà gbé abọ́ wá kíákíá.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn àgbà ilé pinnu pé ìkòkò kan ni a ó máa gbé kaná ní alẹ́. Ẹlẹ́wà àgànyìn tí ń gbé ilé wa kò lè kiri, ó sì mú ẹ̀wà wá. Ẹnì kan mú gàrí wá, ẹlòmíràn mú epo wá. Bàbá ọmọ náà kò ní owó, ṣùgbọ́n òun ni ó ń fa omi láti inú kànga, òun ni ó sì ń fọ ìkòkò. Kò sí ẹni tí ó pè é ní alágbe, nítorí pé òun náà mú nǹkan wá. Nítorí àrùn náà, a kò jẹun nínú abọ́ kan. Oníkálukú ń bu tirẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ ní ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, a sì ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Bí a ti ṣe é nìyẹn títí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ òfin náà ní ọjọ́ 4, oṣù karùn-ún.

Àwọn àgbà máa ń pa á lówe pé, "Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní." Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá pe ẹnìkejì yín láti jẹun, tí ó ní òun ti yó, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ẹ má ṣe bi í léèrè ní gbangba. Ẹ wá ohun tí òun náà lè ṣe, ìbáà ṣe omi ni yóò bù wá. Nígbà náà ni oúnjẹ yín yóò gba ibi ire.

Ìdánrawò
1. Kí ni a fi ń ṣe ìkọ́kọrẹ́? Kí ni a fi ń ṣe púpurù?
2. Àwọn wo ni ará Èkó ń pè ní Àgànyìn?
3. Kí ni ìdí tí ọmọkùnrin náà fi sọ pé òun ti yó?
4. Kí ni bàbá ọmọ náà mú wá sí àjọjẹ?
5. Sọ ìtumọ̀ òwe tí ó jẹ́ àkọlé ẹ̀kọ́ yìí ní ọ̀rọ̀ ara rẹ.