Ẹ Má Gba Ẹ̀rí Ẹni Tí Ó Mutí

Gbólóhùn kan wà tí ó ti sú mi í gbọ́. Níbi ìnáwó, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo kọ́ níwèé bá dìde láti gun ọ̀kadà wọn lọ sílé, tí mo bá ní kí wọ́n dúró, ohun kan náà ni wọn yóò wí: "Tíṣà, ẹ fọkàn balẹ̀, ọtí ò pa mí." Wọn kì í purọ́. Bí ó ti rí lára wọn ni wọ́n ń sọ. Ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà.

Ní kíláàsì, rúlà lásán ni mo fi ń fi han àwọn ọmọ bí ara ti ń yára tó. Ọmọ kan yóò di orí rúlà mú, òdo rẹ̀ yóò wà nísàlẹ̀. Èkejì yóò ya ìka méjì sí ẹ̀gbẹ́ òdo náà láìfọwọ́ kàn án. Ẹni àkọ́kọ́ yóò jù ú sílẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, kí èkejì gbá a mú. Bí ó bá mú un ní sẹ̀ǹtímítà 20, ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni ó gbà á. Bí ó bá di 30, ó ti tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Kò sí ọmọ tí ó lè mú un ní òdo, nítorí ojú ní láti ránṣẹ́ sí ọpọlọ kí ọpọlọ tó ránṣẹ́ sí ọwọ́. Ní 1850, Hermann von Helmholtz, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, wọn bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń yára tó nínú iṣan ẹsẹ̀ àkèré: nǹkan bíi mítà 27 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 1868, Franciscus Donders ará Nẹ́dálándì fi hàn pé bí ènìyàn bá ní láti yan ọ̀kan nínú ohun méjì, àkókò náà a tún gùn sí i. Ẹni tí ó wà lórí ọ̀kadà kò sì yé yàn: kí n tẹ ìjánu ni, tàbí kí n yà?

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ọtí kún un. Ọtí kì í dúró kí ó dà bí oúnjẹ. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń gba ara àpò ikùn, èyí tí ó pọ̀ jù ń gba ìfun kékeré bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé e dé ọpọlọ. Agbára tí a fi ń ṣe ìdájọ́ wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ ń bà jẹ́ níbẹ̀. Adájọ́ tí a fẹ́ kí ó dá ẹjọ́ náà ti bá wọn mu nínú ọtí! Ẹni tí ọtí sì ti mọ́ lára, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ lè má wúwo, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ti falẹ̀. Mo ti sin méjì nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní A, B, D. Àwọn méjèèjì ni wọ́n sọ pé ọtí kò pa àwọn.

Ọ̀kadà tí ó ń sá kìlómítà 72 ní wákàtí kan ń lọ ní mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ọtí bá fi ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá dá ọwọ́ dúró, mítà márùn-ún ti lọ kí a tó tẹ ìjánu. Mítà márùn-ún tó láti gba ọmọ tí ó ń sáré lé bọ́ọ̀lù là.

Ẹlòmíràn a ní òun yóò mu kọfí, tàbí kí òun wẹ omi tútù. Ẹ̀dọ̀ kò gbọ́ èyí. Nǹkan bíi mílígíráàmù 15 nínú mìlílítà 100 ẹ̀jẹ̀ ni ó ń mú kúrò ní wákàtí kan. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 150 láàrin òru, 60 ṣì kù lára rẹ̀ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní England ní 1967 fi òpin sí 80. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi tiwọn sí 50. Bí ọtí bá sì dọ́gba, ewu ti ọ̀dọ́ lójú títì ju ti àgbàlagbà lọ.

Ní 1954, Robert Borkenstein ará Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ kan tí awakọ̀ yóò fẹ́ èémí sí, tí yóò sọ iye ọtí tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò bi awakọ̀ bí ó ti ń ṣe é. Èémí rẹ̀ ni ó ń bi.

Àwa kò ní ẹ̀rọ níbi ìnáwó wa, ṣùgbọ́n a ní àgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìnáwó, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí kí agbè ẹmu tó yí ká, ẹ tẹ́ ẹní fún wọn, kí ẹ má sì dá kọ́kọ́rọ́ padà títí oòrùn yóò fi ga. Inú lè bí wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilẹ̀ yóò mọ́, a ó sì jọ parí rẹ̀.