Ọwọ́ Òsì ni Kermit fi ń Kí Wa

Ọ̀pọ̀ òbí tí a jọ ń tọ́mọ ní Atlanta ní àwọn ọdún 1980 ló máa ń sọ pé tẹlifíṣọ̀n ba àwọn ọmọ àwọn jẹ́. Ní tèmi o, òun ló la ojú àwọn ọmọ mi. Stone Mountain ni a ń gbé nígbà náà, níhà ìlà-oòrùn ìlú, orí àpáta ńlá yẹn náà sì ni òpó WGTV, ìkànnì 8, wà. Áńtẹ́nà kékeré lásán ti tó wa, àwòrán á mọ́ kedere. Bí Sesame Street, ètò ọmọdé tó ní ọmọlangidi, ṣe ń wọlé wa nìyẹn, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ mi ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ àṣìṣe.

Eré tiwọn ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ohun tí kò yẹ kó hàn ni yóò pariwo pé "Mo rí i!" Ó lè jẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé ọrùn-ọwọ́ ọmọlangidi tó ń jẹ́ Bert dúró. Ó lè jẹ́ irun orí ẹnì kan tó yọ fẹ́ẹ́ nísàlẹ̀ àwòrán, tó sì tún rì. Nígbà mìíràn ọmọlangidi á na ara sókè jù, ẹ ó rí ibi tí aṣọ rẹ̀ parí sí, ẹ ó sì rí apá èèyàn lábẹ́ rẹ̀. Àkọ́bí mi ọkùnrin ní ọgbọ́n tirẹ̀: kì í wo Ernie, ọ̀rẹ́ Bert, rárá. Ó ti ṣàkíyèsí pé Ernie kò ní irin lọ́wọ́, òótọ́ ló sì rí. Bí ìbọ̀wọ́ ni ọwọ́ Ernie ṣe rí, èèyàn méjì ló ń gbé e. Jim Henson á ki ọwọ́ ọ̀tún bọ orí rẹ̀, á ki òsì bọ ọwọ́ òsì rẹ̀, ẹlòmíràn á wá fún un ní ọwọ́ ọ̀tún. Bert tí Frank Oz ń gbé ló ní irin. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó pọ̀, Bert ni ọmọ mi máa ń tẹjú mọ́, àbúrò rẹ̀ á máa fi àkókò ṣòfò lórí Ernie.

Nígbà tí a wá ra ẹ̀rọ fídíò, ọ̀rọ̀ di ẹjọ́. Wọ́n á dá téèpù padà, wọ́n á dá a dúró, ìlà funfun á máa gbọ̀n lójú àwòrán, wọ́n á sún mọ́ ọn títí imú wọn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. "Irin nìyẹn!" "Irọ́ ni, òjìji ni!" Èmi ni adájọ́.

Ṣùgbọ́n mi ò gbà kí wọ́n fi àwọn òṣìṣẹ́ ètò náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ètò 130 ni wọ́n ń ṣe lọ́dún nígbà yẹn, wákàtí kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń gbé ọmọlangidi na apá sókè ju orí ara rẹ̀ lọ, ó fi máìkì dé orí, ojú rẹ̀ wà lára tẹlifíṣọ̀n kékeré kan nísàlẹ̀, torí ibẹ̀ nìkan ló ti lè rí ohun tí kámẹ́rà ń rí. Ohun tó ń rí níbẹ̀ kò sì dà bíi ti dígí. Bó bá sún sí ọ̀tún ara rẹ̀, ọmọlangidi á sún sí òsì lójú rẹ̀. Kí ọmọlangidi tó lè wojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, kó má lọ máa wo ògiri, iṣẹ́ gidi ni.

Èyí tó bí ìyá mi nínú jù lọ, kì í tilẹ̀ ṣe àṣìṣe. Ó wá láti Ìmẹ̀kọ wá bá mi wẹ ọmọ, ó jókòó ti àwọn ọmọ níwájú tẹlifíṣọ̀n, Kermit, ọmọlangidi ọ̀pọ̀lọ́, sì juwọ́ sí wọn. Ìyá mi ní, "Ta ló tọ́ eléyìí? Ọwọ́ òsì ló fi ń kí èèyàn!" Ó wo Grover, òsì ni. Ó wo Bert, òsì náà ni. Ó ní kí n pa nǹkan ọ̀hún, kí àwọn ọmọ òun má baà kọ́ ìwàkíwà nílẹ̀ òyìnbó. Àkọ́bí mi ló dá a lóhùn: "Màmá àgbà, ọwọ́ ọ̀tún wọn wà nínú orí."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọwọ́ ọ̀tún ló já fáfá jù fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹnu ọmọlangidi sì ni iṣẹ́ tó le jù, torí ó gbọ́dọ̀ máa là, kó máa pa dé, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde. Nítorí náà ọ̀tún ni wọ́n ń kì bọ orí. Òsì tó ṣẹ́ kù ló ń di irin ọwọ́ mú, ọwọ́ òsì ọmọlangidi ló sì sún mọ́ ọn jù.

Ìyá mi dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni, ẹ ò tètè sọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn yanjú ohun tó ti ń dà mí láàmú. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé mo ń jẹ́ kí ọmọ ṣí aṣọ lójú nǹkan tó yẹ kó wà ní bíbò. Ará ọ̀run ni egúngún. Ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀kú. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ Kétu àti Yewa tí ìyá mi ti wá, àwọn ère kan wà lórí ìbòjú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí oníjó ń fi okùn fà, tí wọ́n á máa mira. Gbogbo ọjà ló mọ ọmọ ẹni tó ń jó. A rí okùn, a mọ ọkùnrin náà, ẹnu sì tún ń yà wá. Láti ọjọ́ náà ni èmi fúnra mi ti ń bá wọn ṣọ́ irin.

Ọmọbìnrin mi ló rí èyí tó jinlẹ̀ jù. Ó bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ pé bí Big Bird, ẹyẹ ńlá inú ètò náà, bá gbé apá òsì sókè, tọ̀tún á wálẹ̀. A wò ó títí. Ìgbà tó yá ni a mọ̀ pé Caroll Spinney tó wà nínú rẹ̀ na ọwọ́ ọ̀tún ṣánṣán sókè, òun ni orí ẹyẹ. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú apá òsì. Kò sí ọwọ́ kankan nínú apá ọ̀tún. Okùn ìpẹja kan ló kọjá lábẹ́ ọrùn, tó so apá méjèèjì pọ̀, tí ọ̀kan bá lọ sókè, èkejì á wálẹ̀. Kò sí ojú kankan tó ti lè wo ìta. Tẹlifíṣọ̀n kékeré tí wọ́n dè mọ́ ọn láyà ló fi ń mọ ibi tó ń gbé ẹsẹ̀ sí.

Atlanta yìí náà ni ilé iṣẹ́ ọnà ọmọlangidi kan wà. Ní 1978, Jim Henson àti Kermit wá bá Vincent Anthony, olùdásílẹ̀ rẹ̀, gé ríbọ́nù Center for Puppetry Arts ní Spring Street, nínú ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ tí àwọn ọmọ Martin Luther King ti kàwé. A kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Láti 2015 ni wọ́n ti ṣí ilé tó tóbi fún àwọn ọmọlangidi Henson, pẹ̀lú iyàrá tiwa ará Áfíríkà àti ti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Bí ẹ bá ní ọmọ-ọmọ, ẹ mú wọn lọ.

Nínú fíìmù ìsinsìnyí, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń pa irin náà rẹ́. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá rí irin á béèrè ẹni tó dì í mú, ìbéèrè yẹn sì dára fún ọmọ.

Nígbà tí Spinney kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, lẹ́ni ọdún 85, àwọn ọmọ mi pè mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó sọ pé Big Bird kú. Orúkọ ọkùnrin náà ni wọ́n dá, ẹkún sì wà lóhùn wọn, wọ́n ń sọ bó ṣe na ọwọ́ ọ̀tún yẹn sókè fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Láti 2015 ni Matt Vogel ti ń wọ aṣọ ẹyẹ náà. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń wò ó, ìyá wọn sì ti fi ibi tí okùn wà hàn wọ́n. Wọ́n ń jiyàn báyìí bóyá apá ọ̀tún ti Vogel máa ń tètè wálẹ̀ ju ti Spinney lọ.