Òkúta Méjìdínlógún

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Júù tó wà ní Battery Place, ní ìpẹ̀kun Manhattan ní ìlú New York, onígun mẹ́fà ni. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ ìpele mẹ́fà, ọ̀kan gun orí èkejì bí igbá tí a dojú wọn dé tí a tò léra. Ọdún 1997 ni wọ́n ṣí i. Mẹ́fà yẹn ń tọ́ka sí ìràwọ̀ Dáfídì, ó sì ń tọ́ka sí Júù mílíọ̀nù mẹ́fà tí ìjọba Nazi ilẹ̀ Jámánì pa. Mo rìn yí ilé náà po, mo ka igun rẹ̀ pé. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Kí èèyàn tó wọlé, wọ́n á yẹ àpò rẹ̀ wò, á sì gba inú ẹ̀rọ kọjá bí ẹni tó fẹ́ wọ bàálù. Inú ilé ni wọ́n ti ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti 1933 sí 1945. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń sọ pé kò tíì tán.

Ọjọ́ kẹjọ ni àwọn Júù ń kọ ọmọkùnrin nílà, ọjọ́ náà ni wọ́n sì ń sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó ń mú wa káàkiri ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀, bí ẹni tó ń sọ ohun tó ṣàjèjì. Ní Ìpàpó, ìlú mi, ọjọ́ kẹjọ ni ìkómọ. Èmi nìkan ni mo ń mi orí láàárín wa.

Àwọn Júù ilẹ̀ Pólàndì àti Rọ́ṣíà kì í fi orúkọ ẹni tó wà láàyè sọ ọmọ. Òkú ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, bàbá àgbà kan á kú, Babátúndé kan á dé. Lẹ́yìn 1945, orúkọ tó ń dúró de ọmọ pọ̀ ju ọmọ lọ.

Lórí pèpéle tó kọjú sí omi, òkúta ràbàtà 18 wà nílẹ̀. Andy Goldsworthy, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣètò wọn. Iná ni wọ́n fi gbẹ́ inú wọn. Ní oṣù kẹsàn-án 2003, àwọn tó la ìpakúpa náà já àti àwọn ará ilé wọn bá a gbin igi oak kékeré kọ̀ọ̀kan sínú ihò òkúta kọ̀ọ̀kan. Èrò wọn ni pé bí igi bá ń sanra lọ́dọọdún, ìdí rẹ̀ á kún ihò náà dẹ́múdẹ́mú, títí igi àti òkúta á fi gbà fún ara wọn.

Lójú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn sí Ìpàpó, ọ̀pọ̀tọ́ ń hù lára àpáta. Ẹyẹ ló su kóró rẹ̀ síbẹ̀. Gbòǹgbò á tọ ẹ̀là àpáta lọ títí á fi kan ilẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni mo gbà lọ, tí mo gbà bọ̀, ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní sẹ́kọ́ńdírì. New York ni mo ti kọ́kọ́ dúró wo igi inú òkúta.

Lédè Hébérù, lẹ́tà ni wọ́n fi ń ka iye. Lẹ́tà méjì ló kọ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ìyè: ọ̀kan jẹ́ mẹ́jọ, èkejì jẹ́ mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí òkúta fi jẹ́ 18, ìdí nìyẹn tí Júù tó bá ń ta ẹlòmíràn lọ́rẹ fi máa ń fẹ́ kí owó náà jẹ́ 18 tàbí 36. Lédè Yorùbá, èjìdínlógún ni: ogún tí méjì ti kúrò nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá lọ sí sàréè Júù a máa fi òkúta kékeré lé e lórí. Sàréè bàbá àgbà mi wà níwájú ilé wa, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, orí rẹ̀ ni wọ́n ń sá gbodo sí. Ọmọdé tó bá rẹ̀ á jókòó tì í. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ níbẹ̀.

Ilé olódi kan wà nínú ọgbà ìgbafẹ́ Battery, tí kò jìnnà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Castle Clinton lorúkọ rẹ̀. Láàárín 1808 sí 1811 ni wọ́n kọ́ ọ kí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì má baà gba ojú omi wọ̀lú. Kò yìnbọn sí ọ̀tá kankan rí. Wọ́n sọ ọ́ di ilé eré. Láti 1855 sí 1890, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò tó ń wọ Amẹ́ríkà. Wọ́n lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà, ẹja ni wọ́n ń sìn níbẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ wòran. Báyìí, wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀.

Ní 2003, tòlótòló ìgbẹ́ kan dé inú ọgbà náà, ó sì jókòó síbẹ̀, òun nìkan, láàárín ilé gogoro àti ọkọ̀. Zelda ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dá oko kékeré kan sílẹ̀ nínú ọgbà náà ní 2011, wọ́n pa ààlà oko náà ní àwòrán tòlótòló, wọ́n sì fi ọparun sọgbà yí i ká. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló wá bẹ̀bẹ̀ pé àwọn fẹ́ ilẹ̀ tí àwọn yóò fi gbin ẹ̀fọ́. Ní ilé-ìwé tí mo lọ, ẹni tó bá pẹ́ lẹ́yìn ni wọ́n ń rán lọ roko. N kò tíì rí ọmọ tó bẹ̀bẹ̀ fún un rí. Zelda kú ní 2014. Oko náà ṣì wà nígbà tí mo débẹ̀, ewé kéèlì kún ibẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ewébẹ̀ kọ̀ọ̀kan sára pákó bí ẹni ń kọ orúkọ ọmọ sí ìwé ìpè.

Wọ́n ń bomi rin koríko níbẹ̀. Wọ́n ń gé e, wọ́n sì ń fi okùn yí apá kan rẹ̀ ká kí ó lè sinmi. Ìyá mi kì í jẹ́ kí koríko hù dé ìdí ògiri, nítorí ejò. Wọ́n ń gbálẹ̀ títí ilẹ̀ á fi máa dán.

Ní 1654, Júù 23 gúnlẹ̀ sí etí omi yìí láti Recife ní Brazil, lẹ́yìn tí àwọn Potogí gba ìlú náà lọ́wọ́ àwọn ará Họ́láńdì. Peter Stuyvesant, gómìnà, fẹ́ lé wọn. Ilé-iṣẹ́ Dutch West India Company kọ̀wé sí i pé kí ó jẹ́ kí wọ́n máa gbé, kí wọ́n máa ṣòwò. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ń kó ẹrú adúláwọ̀ wọ ìlú náà láti nǹkan bí 1626.

Ère idẹ kan wà nínú ọgbà Battery tí Luis Sanguino ṣe. Júù kan wà níbẹ̀, àlùfáà kan, òṣìṣẹ́ kan, àti ọkùnrin adúláwọ̀ kan tó ti jẹ́ ẹrú rí. Àwọn tó ṣí wọ̀lú ni orúkọ tí wọ́n fún ère náà. Orúkọ kan ṣoṣo, fún ẹni tó sanwó ọkọ̀ àti ẹni tí wọ́n tà fún ọlọ́kọ̀.

Láti 1915 ni ẹgbẹ́ òṣèré Folksbiene ti ń fi èdè Yiddish ṣeré. Ní 2015, wọ́n fi ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí ṣe ibùjókòó wọn. Ní 2018, wọ́n ṣe eré Fiddler on the Roof lédè náà, ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Rọ́ṣíà sì ń kọjá lójú pátákó fún àwọn tó wá wòran. Èdè yẹn ni púpọ̀ nínú mílíọ̀nù mẹ́fà tí wọ́n pa ń sọ nílé.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ ní Brooklyn, ìyá á sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, ọmọ á fèsì ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gbọ́ ara wọn yé. Nígbà tí ìyá bá ń gbàdúrà fún ọmọ náà, Yorùbá ni látòkèdélẹ̀, ọmọ á sì ṣe àmín níbi tó yẹ.

Ní 2017, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá sí ilé náà. Àwòrán ẹni tó la ìpakúpa já wà lójú rẹ̀. Ẹni tó bá bi í ní ìbéèrè, á dáhùn. Kí ó tó lè rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ti jókòó ti ẹni náà fún ọjọ́ bíi mélòó kan, wọ́n sì ti bi í ní ìbéèrè tó lé ní ẹgbẹ̀rún.

Ìyá àgbà mi a máa ki oríkì ìdílé wa láàárọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá kúnlẹ̀ kí wọn. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí ìyá mi ń kì títí dòní láìmọ ìtumọ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó bi ìyá àgbà léèrè kí wọ́n tó lọ.

Níwájú díẹ̀, ilé òkúta kan wà tí kò lórùlé. County Mayo ní Ireland ni wọ́n ti tú u, wọ́n kó òkúta rẹ̀ kọjá òkun, wọ́n sì tún un tò ní 2002 ní ìrántí ìyàn ńlá ti 1845 sí 1852. Koríko ìgbẹ́ ilẹ̀ Ireland ni wọ́n gbìn yí i ká. Ní Ìpàpó, ahoro là ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀, ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀.

Lẹ́yìn rògbòdìyàn Ìṣẹ́yìn àti Òkèhò ní 1916, ìjọba amúnisìn kó àwọn ará Òkèhò kúrò lórí òkè wá sí ibi tí ìlú wọn wà báyìí. Ọdún 1917 ni. Ìwé ìtàn tí a lò ní sẹ́kọ́ńdírì ní ojú ìwé púpọ̀ fún Hitler. Kò ní ìlà kan fún Òkèhò, tí kò jìnnà sí wa.

Láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, ìrìn nǹkan bí ìdajì wákàtí ni dé Duane Street. Ní 1991, ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ fún ilé ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ti kan itẹ́ òkú àwọn adúláwọ̀, ẹrú àti olómìnira. Òkú 419 ni wọ́n hú jáde. Ní oṣù kẹwàá 2003, wọ́n dá wọn padà sínú ilẹ̀ nínú àpótí igi tí wọ́n gbẹ́ ní Ghana.

Obìnrin kan wà lára wọn tí ìwé pè ní 340. Wọ́n ti rẹ́ eyín rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún yí ìdí rẹ̀ ká, owó ẹyọ wà láàárín wọn. Ẹni tó sin ín mọ orúkọ rẹ̀.

Mo fi fọ́tò igi inú òkúta ránṣẹ́ sí ìyá mi. Wọ́n pè mí lálẹ́. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òkúta náà ní ihò nídìí tí omi lè gbà jáde, nítorí omi tó bá dúró sí gbòǹgbò á jẹ ẹ́ rà. N kò wo ìdí rẹ̀. Sátidé ni mo ráyè láti padà lọ, Sátidé sì ni ìsinmi àwọn Júù, wọn kì í ṣí ilé náà. Ó di Ọjọ́ Àìkú.